Egungun Nínú Agolo Rọ́ọ̀bù

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ fún yín: kò tíì sí afurasí kan lókè eèpẹ̀ tó rí omi lójú èmi Gbọ́njúbọ́lá. Àwọn ni wọ́n máa ń sunkún. Ṣe ni mo máa ń jókòó, n ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, n ó tẹjú mọ́ wọn, kó tó pẹ́ wọ́n á ti máa jẹ́wọ́ ohun tí n kò bi wọ́n. Mo bi ọkùnrin kan ní Mọ́níyà nípa ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Ó jẹ́wọ́ ewúrẹ́, ó jẹ́wọ́ àgùntàn, ó sì tún jẹ́wọ́ adìyẹ tí bàbá rẹ̀ jí kí wọ́n tó bí òun. Lóòótọ́, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ojú mi kò bá mi fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Ọlámipọ̀sí sáré bá mi nínú ọgbà ìjọ wa ní Olódò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nínú òjò ọdún 1992, tòun ti sùtánà lọ́rùn àti ẹkún lẹ́nu, ẹ̀rín ni mo rín.

"Bàbá Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ gbà mí. Wọ́n ní oníjìbìtì ni mí."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí, sà. Wọ́n ní egungun ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. "Egungun ta ni?"

"Ohun tí èmi náà ń béèrè nìyẹn!"

Mo fà á lọ sábẹ́ ìbòòji, mo ní kó jókòó kó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé iná ìlú kò jẹ́ kí òun se ohun tí òun ń sè kó jinná, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó kó ààrò rẹ̀ lọ sí ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí abúlé tó wà lẹ́yìn Olódò. Níbẹ̀ ló ti ń se òkúta.

"O ń se kí ni?"

"Òkúta, sà. Kọ́pà ni, irú èyí tó wà nínú wáyà iná. Bí afẹ́fẹ́ àti ooru bá ti wọ inú rẹ̀, á di ìyẹ̀fun dúdú. A ó pò ó mọ́ àwọn ìyẹ̀fun mìíràn, a ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì kóòtù, a ó wá yan án títí yóò fi le gbagidi. Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú èròjà kékeré kan tí à ń bù lù ú. Bí kò bá tó, òkúta lásán ni. Bó bá pọ̀ jù, ó bàjẹ́. Bó bá ṣe wẹ́kú, tí a sì mú un tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, iná mọ̀nàmọ́ná á máa sáré kọjá nínú rẹ̀ láìsí ohunkóhun tó dá a dúró."

"Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀."

"Gẹ́lẹ́, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí iyọ̀ yẹn ṣe yẹ kó mọ. Mo rí i. Ẹyọ kan péré ló bọ́ sí i, mo sì fi abẹ́rẹ́ fa àmì sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹnu wo lẹ fi ń tọ́ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ la fi ń tọ́ ọ wò. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú kò rí. Ó wà láàárín ìgbì tí rédíò ń gbà àti ooru tó ń yá wa lára nídìí iná. Tẹ́ráhẹ́tìsì ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á ta á lu òkúta náà fìrí, wọ́n á wo bó ṣe padà wá. Bí òkúta náà bá jẹ́ ojúlówó, bó ṣe ń tutù sí i ni yóò máa ta ìmọ́lẹ̀ yẹn padà, bí páànù tuntun ṣe ń ta oòrùn padà. A kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ni mo ṣe fi rán ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn lókè òkun."

"Wọ́n ta á?"

"Wọ́n ta á. Wọ́n mú un tutù títí, kò yí padà. Ṣe ló kàn ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n fọ́ ọ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ó nu imú. "Egungun màlúù tí wọ́n jó ni. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n pe àwọn padà láàárọ̀ ọ̀la, kí n sọ ibi tí ojúlówó wà àti bí egungun ṣe dé inú agolo. Bí àlàyé mi kò bá mọ́gbọ́n dání, wọ́n á yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ náà, wọ́n á sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ láyé pé 419 ni mí. Ẹnikẹ́ni kò tún ní gba nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́, sà. Títí mo fi máa kú."

Mo dìde, mo gbọn sùtánà mi. "Kí oòrùn tó wọ̀, olè yẹn á ti máa sunkún níwájú mi."

*

Mọ́tò ìjàpá rẹ̀ la gbé lọ. Lójú ọ̀nà ni mo ti bi í bí agolo náà ṣe rìn. Inú agolo rọ́ọ̀bù tó ti tán, tó fọ̀ mọ́, ló kó òkúta náà sí. Ó gbé e sójú fèrèsé pálọ̀, níbi tí oòrùn ń kọ sí, nítorí pé omi ni ọ̀tá ìmọ́lẹ̀ tẹ́ráhẹ́tìsì yìí. Ìrì lásán lè da iṣẹ́ rú. Lọ́jọ́ kejì ó mú agolo, ó lẹ̀ ẹ́ pa yíká, ó gbé e fún arìnrìn-àjò.

"O ṣí i wò kí o tó lẹ̀ ẹ́?"

"Nínú òjò yẹn, sà? Kí afẹ́fẹ́ tútù wọ inú rẹ̀?"

Ó dáa. Ojú fèrèsé ni ìwà ọ̀daràn náà ti wáyé.

Ìyá Mùjíbátù, àbúrò bàbá Dókítà tó ń gbé inú ilé náà, la bá lójúde. Ó ń yín àgbàdo. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ kan, ó fi ìró bo èkejì.

"Ìyá, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí agolo yẹn lọ, ta ló wọ ilé yìí?"

"Èmi."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin?"

"Ewúrẹ́."

"Yàtọ̀ sí ewúrẹ́!"

"Ẹ má jágbe mọ́ mi, Ìsípẹ́kítọ̀. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì kóòtù òkú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé n ó rán an mọ́ búbà ni?"

Mo yọjú sí ilé ìdáná. Àwọ̀n ojú mi kì í fo nǹkan. Agolo mílíìkì òfìfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Ta ló ń mu tíì nílé yìí?"

"Kò sí. Mílíìkì máa ń run mí nínú."

"Ta ló wá mu èyí?"

Ó yín àgbàdo díẹ̀. "Ológbò."

"Ológbò wo?"

"Ó ti lọ."

Dókítà sún mọ́ etí mi. "Bàbá, a kò ní ológbò rí nílé yìí."

Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. N kò mọ nǹkan kan.

*

Sanmí ni mo kọjú sí lẹ́yìn èyí. Òun ló ń lọ ìyẹ̀fun, òun ló ń tẹ òkúta fún Dókítà, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti níyàwó tó ti bímọ. Mo bá a nídìí jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti ọ̀gá rẹ jà."

"A jà, sà."

"Lórí kí ni?"

"Wọ́n ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ta ló ń lọ̀ ọ́? Èmi. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Èmi. Ta ni èéfín ń wọ̀ lójú? Èmi náà ni."

Mo fò dìde. "Ó tán! Inú bí ẹ, o gbé ojúlówó pa mọ́, o sì fi egungun rọ́pò rẹ̀ kí ojú lè ti ọ̀gá rẹ lọ́hùn-ún. Sunkún, mo ń dúró dè ẹ́."

Sanmí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìyájú o. Ẹ̀rín ẹni tó ń káàánú èèyàn ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ike tó wà lẹ́yìn yín yẹn."

Mo ṣí i. Bọ́tìnnì dúdú kún un dé ẹnu.

"Gbogbo èyí ni iyọ̀ wọn kò wẹ́kú," ó ní. "Òmíràn kò tó, òmíràn pọ̀ jù. Ẹ̀yin lè fojú dá wọn mọ̀ sí ojúlówó?"

"N kò lè dá a mọ̀."

"Dókítà gan-an kò lè dá a mọ̀, àyàfi pẹ̀lú àmì tí wọ́n fà tàbí ìmọ́lẹ̀ òyìnbó yẹn. Bí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n níkà, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni n ó fi rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó á ní iṣẹ́ náà kò yọrí, ó parí. Èmi tí mo ní ayédèrú kún inú ike, kí ni n ó máa wá egungun màlúù kiri sí?"

Mo tún jókòó. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà mọ́gbọ́n dání, ó sì dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹni tó bá mọ iyì òkúta yìí kò ní fi egungun dípò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iyì rẹ̀ ló mú un. Ṣùgbọ́n olè wo ló ń jí ohun tí kò mọ iyì rẹ̀, tí yóò sì tún fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀?

"Ohun kan wà, sà," Sanmí ní. "Bàbá Èṣùbíyìí wọlé lọ́jọ́ yẹn. Àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi yìí ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ sà. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n dé ojú fèrèsé, wọ́n yí padà, wọ́n lọ."

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. "Wọn kò dá ẹ lóhùn?"

"Wọn kò ṣe bí ẹni tó rí mi."

Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ní agbègbè wa, olè lè wá tú ewúrẹ́ yín lórí ìso, á ṣì kí yín kú iṣẹ́ bó ṣe ń fà á lọ. Kí àgbàlagbà wọ agboolé onílé, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, kó má dáhùn? Ìwà ọ̀daràn wo ló tún kù?

"Ẹ dìde," mo ní. "A ti rí i."

*

Bàbá Èṣùbíyìí ń tún ebè ṣe lẹ́yìn ilé rẹ̀ nígbà tí a wọlé. Àgbà tó jù mí lọ dáadáa ni, ìdílé olórìṣà ni wọ́n, ó gbẹ, ó sì le. Ìyá Mùjíbátù ti tẹ̀lé wa wá wòran, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Òo. Ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa lẹ dé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìsìn ńkọ́? Òjò kò pa yín?"

Lónìí, ó ń kí ìdílé mi títí dé ọmọ inú oyún! Mo wo Dókítà, mo ṣẹ́jú sí i.

"Bàbá, ẹ wọ ilé Dókítà ní ọjọ́sí. Sanmí kí yín. Ẹ kò dáhùn."

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mú nǹkan lójú fèrèsé."

"Mo mú un."

"Agolo rọ́ọ̀bù."

"Agolo rọ́ọ̀bù ni."

Ẹ ò rí bí mo ṣe mọ iṣẹ́? "Kí lẹ wá mú un fún?"

"N kò ní sọ."

"Ta ló rán yín?"

"N kò ní sọ ìyẹn náà."

"Bàbá, a máa yẹ ilé yìí wò o!"

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu mi ni n kò ní ṣí."

Ṣé ẹ rí i pé kò sí nǹkan tó kù? Mo ká apá sùtánà sókè, mo ya lu òkìtì igi ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá ẹrù olè. Mo gbé igi kìíní. Mo gbé èkejì. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀kẹta.

Ariwo tí mo pa, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹgbẹ́dá.

Àkeekèé ni. Ó ta mí lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo pa bàbá rẹ̀. Mo ṣubú sí àárín ebè, mo ń yí kiri nínú ẹrẹ̀ tòun ti sùtánà funfun, mo ń ké pe màmá mi tó ti kú tipẹ́. Omi ń dà lójú mi wààrà. Orí ẹsẹ̀ ta ni mo sì gbé orí lé? Ẹsẹ̀ afurasí.

"Jọ̀ọ́, dákẹ́," Bàbá Èṣùbíyìí ní, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Dókítà, lọ bá mi gbé agolo tó wà lójú fèrèsé mi wá. Má bá mi sọ̀rọ̀ bí o bá ń gbé e bọ̀."

Agolo rọ́ọ̀bù ni. Bàbá fi abẹ fín mi lọ́wọ́ díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ó mú nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan nínú agolo, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ó yọwọ́. Nǹkan náà jábọ́.

"Há!" Bàbá ní. Ó mú un, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó tún jábọ́, pọ́ọ́.

"Kí lèyí?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Òkúta ejò mi kì í jábọ́! Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí eégbọn ni. Yóò mu oró tán kó tó jábọ́ fúnra rẹ̀. Bó ṣe lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn..." Ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu.

Mo ń sunkún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi gbọ́. Mo gbé orí sókè lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá. Bí òkúta yín bá ti mu oró tán, kí lẹ máa ń fi fọ̀ ọ́?"

"Mílíìkì. A ó rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi pọ oró náà dànù."

"Mílíìkì!" Mo fi ọwọ́ kejì nàka. "Ológbò tó ti lọ! Ìyá Mùjíbátù, ẹ ká ìró yẹn sókè, ẹ jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ yín!"

Ìyá Mùjíbátù fà sẹ́yìn, ó sì rọra ká ìró náà. Gbogbo wa ni a wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lókè ọrùn ẹsẹ̀, àpá kékeré kan wà níbẹ̀, ó ti san tán.

"Ejò ló bù mí jẹ lóko àgbàdo," ó wí, ó bojú wolẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá yá òkúta náà kò gbọdọ̀ sọ. Bó bá sọ, oró á padà."

"Ẹni tó ni ín náà kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó yá a," Bàbá Èṣùbíyìí ní. "Bó bá ń lọ gbé e padà, kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ dáhùn. Àpá ló sọ fún yín o. Kì í ṣe èmi."

Ẹ wá gbọ́ ìrònú èmi Gbọ́njúbọ́lá, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ òkúta ejò sínú mílíìkì, ó sá a gbẹ, ó dá a padà sínú agolo rọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé kí ẹni tó ni ín lè wá mú un. Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú fèrèsé yẹn náà ni Dókítà gbé tirẹ̀ sí. Bàbá wọlé, kò lè bi ẹnikẹ́ni pé èwo ni tòun nínú méjèèjì, ó mú ọ̀kan. Èyí tó kù ni Dókítà bá. Kò ṣí i. Egungun wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Òyìnbó ta ìmọ́lẹ̀ lù ú, ó sì gbé e mì, bó ṣe ń gbé oró mì.

Dókítà ti mú òkúta náà nílẹ̀. Ó nu ẹ̀jẹ̀ mi kúrò, ó dà á délẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Àmì mi nìyí! Bàbá, òun ni! Kò sán rárá. Bí mo bá dá a padà sínú ààrò díẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbẹ."

Inú wa dùn. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí," Bàbá Èṣùbíyìí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "òkúta tèmi dà?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Dókítà. "Wọ́n... wọ́n fọ́ ọ, sà."

"Wọ́n fọ́ ọ?"

"Wọ́n lọ̀ ọ́."

"Òkúta bàbá bàbá mi? Ẹ jí i, ẹ gbé e fún òyìnbó, wọ́n lọ̀ ọ́, ẹ wá fi ọlọ́pàá lé mi?" Ó kọjú sí mi. "Ìsípẹ́kítọ̀! Mú olè!"

Ẹ wo bí ayé ṣe yí po. Dókítà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ dákun, Bàbá. N ó ṣe òmíràn fún yín. Mo ní ààrò. Egungun màlúù ni, mo lè jó o."

"Ta ló sọ pé egungun màlúù ni? Orí ejò ni wọ́n ti yọ ọ́!"

"Àwọn òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Bàbá yẹ inú agolo òfìfo náà wò. "Màlúù," ó wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ kì í ṣe bàbá rẹ̀. "Jó méjì."

*

Lẹ́yìn tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì, gbogbo wa padà jókòó sí pálọ̀ Dókítà. Òkúta wà nínú ààrò. Ohun kan ṣoṣo ló kù: àlàyé tí òyìnbó yóò gbọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ní kí a dán an wò. Sanmí ni mo fi ṣe òyìnbó. Ó fi ike kan sétí bíi fóònù, ó dijú mọ́rí.

"Hẹ́lò? Báwo ni egungun ṣe dé inú agolo?"

Dókítà tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ejò ló bu ìyá mi jẹ. Wọ́n yá òkúta tó ń mu oró. Wọ́n fi mílíìkì fọ̀ ọ́."

"Mílíìkì?"

"Mílíìkì, sà. Bàbá kan wá gbé e, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi gbé tèmi."

"Kí ló dé tí wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀?"

"Kí oró má baà padà, sà. Báyìí ni àkeekèé ta ọlọ́pàá kan, wọ́n fi òkúta yín lẹ̀ ẹ́, kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ojúlówó ni."

Sanmí gbé ike kúrò létí. Dókítà wò mí. Mo wo Bàbá Èṣùbíyìí. Bàbá wo òkè àjà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́.

Ìyá Mùjíbátù tún ìró rẹ̀ ṣe lórí ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ.

"Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí," ó ní, "n kò gbà á gbọ́."